Àdá kì í ṣe ìjìyà: Báwo ni ìgbé ayé ṣe rí nílé ẹ̀kọ́ girama Montessori?



Ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé ìwé láàárọ̀, kí ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́? Àdá ni. Ọmọ tó bá pariwo ní kíláàsì, níbo ni wọ́n máa ń rán an lọ? Pápá ni, kó lọ gé koríko. Èyí tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́? Yóò lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka ìwé girama ní Nàìjíríà, yálà ní Sókótó tàbí ní Kàlàbá, ló mọ ẹ̀kọ́ tí èyí ń kọ́ ọmọ, bí olùkọ́ kankan kò tiẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó: ìwé ló lọ́lá, ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọmọ yìí kan náà yóò ṣe ìdánwò WAEC tán, àwọn àgbà yóò sì máa bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan.

Àmọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ilé ìdáná àti ọjà títà wà lára ẹ̀kọ́ gangan, bí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ṣe wà lára rẹ̀. Orúkọ tí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: Montessori. Ohun tó ṣàjèjì ni pé ilé ẹ̀kọ́ girama ni, kì í ṣe jẹ́lé-ó-sinmi.

Ta ni Montessori?

Orúkọ obìnrin kan ni. Wọ́n bí Maria Montessori ní Chiaravalle, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1870. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 13, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wọ̀, níbi tó jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin ló máa ń lọ síbẹ̀ láyé ìgbà náà. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́kọ́ wù ú, kó tó yà sídìí ìmọ̀ ìṣègùn. Lọ́dún 1896, ó gba oyè dókítà ní yunifásítì Róòmù, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó di dókítà ní Ítálì.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kìíní, ọdún 1907, ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ tálákà ládùúgbò San Lorenzo ní Róòmù. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn ni. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu: bí wọ́n bá fún ọmọ kékeré ní ohun èlò tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, tí wọ́n sì jẹ́ kó yan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ọmọ náà lè jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń jágbe mọ́ ọn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti mọ ìtàn náà mọ. Aga kékeré, ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò, lẹ́tà tí wọ́n fi páálí gé, àti ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń da omi sínú ife láìdà á nù. Ṣùgbọ́n Montessori kò dúró síbẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé: nígbà tí ọmọ yìí bá dàgbà, tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n rẹ̀, tàbí tí ọmọbìnrin bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, irú ilé ìwé wo ló yẹ kó lọ?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún 12?

Lójú Montessori, ọ̀nà mẹ́rin ni ìdàgbàsókè ènìyàn pín sí, ọdún mẹ́fà mẹ́fà: láti ìgbà ìbí dé ọdún 6, láti 6 dé 12, láti 12 dé 18, àti láti 18 dé 24. Kò ka ọ̀dọ́langba sí ọmọ kékeré tó kàn ga sí i. Ó ní ẹ̀dá tuntun ni.

Ó fi ọmọ ọdún 12 sí 15 wé ọmọ jòjòló. Bí ara ìkókó ṣe ń yí padà lójoojúmọ́ tó sì nílò ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀dọ́langba. Ó ń ga, ohùn rẹ̀ ń yí padà, oorun ń kùn ún lójú ọ̀sán, inú tètè ń bí i, omijé kò sì jìnnà sí ojú rẹ̀. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣàdédé máa gbàgbé nǹkan. Òbí á ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Olùkọ́ á ní ọ̀rẹ́ burúkú ni.

Montessori ní kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ńlá kan ni ara àti ọkàn ọmọ náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, iṣẹ́ dídi àgbàlagbà. Nǹkan méjì ló ní ọmọ náà nílò jù lákòókò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n dáàbò bò ó. Èkejì ni pé kí wọ́n jẹ́ kó mọ ipò tí òun fúnra rẹ̀ máa dì mú láwùjọ, kó sì dán an wò. Ìbéèrè tó ń da ọ̀dọ́langba láàmú kọjá ti ìwé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, "Ṣé mo wúlò fún ẹnikẹ́ni?"

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń ṣe lákòókò yìí gan-an. Ọmọ tó nílò kó máa lo ara rẹ̀, wọ́n á ní kó jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dé aago méjì ọ̀sán. Ọmọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun wúlò, wọ́n á ní kó dúró ná títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ogójì ìṣẹ́jú fún bàọ́lọ́jì, agogo á dún. Ogójì ìṣẹ́jú fún ìtàn, agogo á tún dún. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ọ̀kan, òmíràn ti dé.

Oko, ilé àlejò, ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ

Ìmọ̀ràn tí Montessori mú wá lágbára. Ó ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ náà lọ sí ìgbèríko, kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tó ti oko wá, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ tó ń mú owó wọlé. Ó fún wọn ní orúkọ kan lédè Jámánì, Erdkinder, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀, ilẹ̀ tí ènìyàn ń fi ọkọ́ tu. Àlàyé ètò yìí wà nínú ìwé rẹ̀ kan lórí ìrìnàjò ọmọ láti ìgbà èwe sí ìgbà ọ̀dọ́langba, tó jáde lédè Faransé lọ́dún 1948.

Nǹkan mẹ́rin ló fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oko. Èkejì ni ilé àlejò, níbi tí òbí tó bá wá kí ọmọ rẹ̀ lè sùn, tí yóò sì san owó, tí àwọn ọmọ á sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Ẹ̀kẹta ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun tí wọ́n bá ṣe, àti ohun tí àwọn ará àdúgbò bá gbé wá. Ẹ̀kẹrin ni ilé ẹ̀rọ, níbi tí ọmọ ti lè tú ẹ̀rọ, kó tún un tò, kó sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí gbogbo wọn di àgbẹ̀. Ìdí tó fi mú oko ni pé ilẹ̀ kì í purọ́. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti bomi rin ewébẹ̀, ewébẹ̀ á rọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè bá a jiyàn. Bí ènìyàn bá sì tọ́jú rẹ̀, á jẹ ẹ́ lálẹ́. Ọmọ tó ń ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀ rí ẹ̀rí lójúkojú pé ọwọ́ òun ṣe nǹkan kan.

Lórí ìwé ni ètò náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wá gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí nínú ìwé ni Hershey Montessori School, tó ṣí oko rẹ̀ ní Huntsburg, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 éékà. Àwọn kan lára akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà, àwọn mìíràn ń ti ilé wá. Wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń sin oyin, wọ́n sì ń gbin ewébẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń gba oje lára igi maple, wọ́n á sì sè é títí yóò fi ki, tí yóò sì dùn bí oyin.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe máa ń rí?

Ní irú ilé ẹ̀kọ́ oko bẹ́ẹ̀, ẹranko ni kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn pẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ àárọ̀ kàn á tètè jí láti fún adìyẹ lóúnjẹ, láti kó ẹyin, láti gbá ilé ewúrẹ́. Àwọn mìíràn wà nílé ìdáná. Kò sí ọmọkùnrin tó máa sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni oúnjẹ sísè, kò sì sí ọmọbìnrin tí wọ́n máa sọ fún pé kó má fọwọ́ kan ayùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á jókòó ìpàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń darí rẹ̀. Ta ni kò pa ilẹ̀kùn ọgbà ẹran lálẹ́ àná? Àwo ta ló wà nínú ẹ̀rọ ìfọwọ́ tí kò fọ̀? Bí ẹni méjì bá ń jà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́. Olùkọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá gbogbo ẹjọ́.

Nígbà náà ni ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì gé e wẹ́wẹ́. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lè wà fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ló ń bí ìbéèrè, ìbéèrè ló sì ń bí ẹ̀kọ́. Bí ẹ̀wà kò bá hù dáadáa ní apá kan oko, wọ́n á bu erùpẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn á sì gbé wọn dé inú kẹ́mísírì. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ tuntun, wọ́n nílò igun, ìwọ̀n àti iye pákó, ìyẹn sì ni ìṣirò. Bí wọ́n bá bèèrè pé ta ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí, kí ló sì lé wọn lọ, wọ́n ti wọ inú ìtàn nìyẹn.

Ọmọ ọdún 12, 13, 14 àti 15 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ti sin oyin lọ́dún tó kọjá ló ń fi bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ oyin han ẹni tuntun. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tó fi ọdún kan ṣoṣo ṣáájú ti di àgbà, ojúṣe àgbà sì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan o. Àkókò wà fún orin, fún eré orí ìtàgé, fún àwòrán yíyà, fún ìwé kíkà, àti fún ìjíròrò níbi tí wọ́n á ti jókòó yí tábìlì ká láti sọ èrò wọn lórí ohun tí wọ́n kà. Montessori ní ọ̀dọ́langba nílò ọ̀nà láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Òmìnira yìí kò rọrùn fún gbogbo ọmọ. Ẹni tó ti mọ́ lára kí wọ́n máa sọ ohun gbogbo tó máa ṣe fún un lè dé ibẹ̀ kó máa wò bọ̀ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìbìkítà, kì í ṣe olùkọ́ ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí ẹyin jẹ láàárọ̀ ni.

Owó gidi ni

Ohun tó máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ọmọ ló ń ta ẹyin, oyin, ewébẹ̀ tàbí aga tí wọ́n kàn. Àwọn ló ń kọ ìwé ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Wọ́n á jíròrò lórí iye tí wọ́n máa tà á, wọ́n á sì pinnu bóyá èrè náà á lọ sórí ẹran tuntun tàbí sórí irinṣẹ́. Wọ́n lè pàdánù owó. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á wádìí ìdí rẹ̀.

Ẹ gbé e wá sí Nàìjíríà kó lè yé gbogbo ènìyàn. Bí ilé ìwé kan bá ní adìyẹ 50, tí wọ́n sì ń yé ẹyin 40 lóòjọ́, ẹyin 280 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan: kíréètì 9, ó ku ẹyin 10. Bí wọ́n bá ta kíréètì kan ní náírà 5,000, owó tó wọlé jẹ́ náírà 45,000. Bí oúnjẹ adìyẹ ọ̀sẹ̀ náà bá jẹ́ náírà 30,000, ó ku náírà 15,000. Oògùn ńkọ́? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Bí adìyẹ márùn-ún bá kú lóru ọjọ́ kan ńkọ́? Ọmọ JSS 2 tó bá ṣe ìṣirò yìí fún oṣù mẹ́ta kò tún ní bi olùkọ́ rẹ̀ pé kí ni ìṣirò wà fún.

Àmọ́ ṣé wọ́n ń yege ìdánwò?

Ìbéèrè yìí ni òbí kọ́kọ́ máa ń bèèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n bèèrè. Orílẹ̀-èdè tó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa ni Netherlands, níbi tí Montessori fúnra rẹ̀ lo ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama Montessori Lyceum Amsterdam ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1930. Irú ilé ẹ̀kọ́ girama bẹ́ẹ̀ wà lára ètò ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, ìdánwò àṣejáde tí gbogbo ọmọ Netherlands ń ṣe náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ó yẹ kí òbí mọ nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ilé ìwé àárín ìlú ńlá ni, kì í ṣe oko. Ìyẹn fi hàn pé àìsí oko kò ní kí ènìyàn má lè lo èrò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ ń yan iṣẹ́ tó máa ṣe, kó sì tọ olùkọ́ tó fẹ́ lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọmọ náà ń gbé ẹrù iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé tún wà. Ilé ẹ̀kọ́ oko tó ní ilẹ̀ ńlá, ilé gbígbé àti olùkọ́ púpọ̀ kì í pọ́ọ́kú. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwé aládàáni ni púpọ̀ nínú wọn, tálákà kò sì rọrùn láti débẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàrin ọmọ tálákà San Lorenzo ti wá di ti ọlọ́rọ̀ níbi púpọ̀.

Ṣé nǹkan tuntun ni èyí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Rárá o. Lọ́dún 1956, Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọn kò pe ara wọn ní Montessori. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn dáko, wọ́n sin adìyẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé. Solarin fẹ́ kí ọmọ tó jáde níbẹ̀ lè dá dúró.

Ní Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, dá iléeṣẹ́ Songhaï sílẹ̀ lọ́dún 1985. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ oko níbẹ̀. Wọ́n ń sin ẹja àti adìyẹ, wọ́n sì ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná. Ilé ìṣe ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka ohun mẹ́rin tí Montessori kọ sínú ìwé rẹ̀, tó sì wá wọ ọgbà Songhaï, yóò rò pé ẹnì kan ló ya àwòrán méjèèjì. Songhaï kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama, kì í sì í ṣe Montessori. Àìní kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Láàrin àwọn Igbo, ètò tí wọ́n ń pè ní igba boi ti wà tipẹ́. Ọ̀dọ́ á lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, á kọ́ òwò pẹ̀lú ọjà gidi àti owó gidi, nígbà tó bá sì parí, ọ̀gá á fún un ní owó láti fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àléébù tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ohun tí girama Montessori ń gbìyànjú láti ṣe ni kí ṣọ́ọ̀bù àti ìwé má pínyà.

Ìjọba Nàìjíríà náà ti gbìyànjú. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ó yẹ kí gbogbo ọmọ JSS fọwọ́ kan ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Intro Tech. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ẹ̀rọ náà wà nínú páálí títí ó fi dípẹtà, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún 2011, wọ́n tún mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ẹ̀kọ́ SSS. Níbi púpọ̀, orí bébà ni ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ilé tàbí bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Wọ́n kọ nóòtì, wọ́n há a sórí, wọ́n sì lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Orúkọ lórí pátákó

Láti Èkó dé Àbújá, láti Port Harcourt dé Kánò, Montessori wà lára pátákó ilé ìwé lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yin òbí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé orúkọ yìí kò ní olówó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 1967 pé orúkọ irú ẹ̀kọ́ kan ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá ra ọ̀dà lè kọ ọ́ sára ògiri.

Nítorí náà, orúkọ nìkan kò tó. Nígbà tí ọmọ bá sì ń lọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí girama, pátákó yẹn kò ní sọ ohun tó máa bá pàdé. Ìbéèrè mẹ́ta ni òbí lè bèèrè, ilé ìwé náà ì báà jẹ́ Montessori, ì báà jẹ́ ti ìjọba.

Èkíní: ta ló ni èrè iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe? Bí ọmọ bá ro oko olùkọ́, tí olùkọ́ sì kó iṣu lọ sílé, ìrẹ́jẹ ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 kò fàyè gba kí wọ́n máa fi iṣẹ́ rẹ́ ọmọ jẹ. Nínú ètò Montessori, àwọn ọmọ mọ iye tó wọlé, wọ́n sì mọ ibi tó lọ.

Èkejì: ta ló ń pinnu? Bí ó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ni ọmọ ń gbọ́, lébìrà ni. Bí ó bá lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbin tòmátì dípò ilá," kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ ọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ẹ̀kẹta: nígbà wo ni wọ́n ń gbé àdá lé ọmọ lọ́wọ́? Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó ṣẹ̀ nìkan, ilé ìwé náà ti kọ́ ọ pé kó kórìíra iṣẹ́. Kò sí owó tabua tí ìjọba máa ná lórí ètò iṣẹ́ ọwọ́ tó máa tètè pa ẹ̀kọ́ yẹn rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Olórí ilé ìwé tí kò ní owó púpọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀. Ebè mẹ́wàá lẹ́yìn kíláàsì tó. Kí wọ́n fi í síkàáwọ́ JSS 2, kí wọ́n fún wọn ní ìwé kan láti máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí wọ́n sì jẹ́ kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì àti olùkọ́ ìṣirò jọ wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí wọ́n wá rí ìjìyà mìíràn fún ẹni tó bá pẹ́ dé.

Ìrìnàjò tí kò wáyé

Lọ́dún 1952, Montessori ti di arúgbó ọmọ ọdún 81. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ó ń gbèrò láti lọ sí Gold Coast, tó di Ghana lónìí, láti lọ kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò náà ló ń bá Mario ọmọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó kú, lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ní Noordwijk. Kò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lọ́dún 1952 yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ WAEC sílẹ̀. Ìdánwò dé, ó sì ti wúlò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Ohun tí arúgbó yẹn fẹ́ gbé bọ̀ ni kò dé, àfi díẹ̀ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Láàárọ̀ ọ̀la, ọmọ ọdún 13 kan máa pẹ́ dé ilé ìwé níbì kan. Olùkọ́ máa nawọ́ sí àdá tó wà lẹ́bàá ògiri. Kó tó gbé e fún ọmọ náà, ẹ bá a ronú díẹ̀ lórí ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọ.